Ẹ Béèrè Iye Epo Tí Yóò Máa Mu Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Tí Wọ́n Ń Tà Á

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àgbádárìgì, lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ńlá tí ó tura, tí kò sì ní jẹ owó oṣù rẹ̀ tán

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ síbí tààrà, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Akọ̀wé ní kí á sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò rírà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn? Wọ́n ní owó oṣù, wákàtí iṣẹ́ àti ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí a bá agbanisíṣẹ́ fà á títí tí a fi gbà á, bí ó bá wọ inú táǹkì mọ́tò kan tán, kí ni a wá gbà? Ohun tí ó kan àpò òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yá arákùnrin wa kan lówó láti ra mọ́tò. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni, kò sì jẹ gbèsè rí. Ìwé rẹ̀ pé, àwọn onídùúró méjì fọwọ́ sí i, àwa ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí i. A bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò náà. A bi í pé oṣù mélòó ni yóò fi san owó wa. A kò bi í ní ohun mìíràn. Mọ́tò náà dé, ó dúdú, ó ń dán, ó gùn, ẹ́sì rẹ̀ sì tutù bí omi inú àmù. A jókòó sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì súre fún un.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí arákùnrin wa ní ibùdó dánfó láàárọ̀. Mọ́tò wà nílé, wọ́n ta tapólì bò ó. Ó ń san gbèsè mọ́tò, ó tún ń san owó dánfó. Nígbà tí ó yá, kò lè san gbèsè náà mọ́, ni ọwọ́ bá kan àwọn onídùúró. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni a yọ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ìyá náà dìde ní ìpàdé, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní: “Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, nígbà tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé yẹn, ṣé ẹ bi í pé lítà mélòó ni mọ́tò náà yóò máa mu?”

A kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè ìyá yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A WÀ

Àwọn àgbà àárín wa yóò rántí ọdún 1975. Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tiwa yìí gan-an, tí ilé iṣẹ́ Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìgbà náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn kan fi ra ọ̀pádà, tí àwọn mìíràn sì fi ra mọ́tò. Peugeot 504 ni ọba ọkọ̀ nígbà náà: àga rẹ̀ rọ̀, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ a máa gbé kòtò mì, mẹkáníìkì abúlé pàápàá mọ̀ ọ́n tú, ó sì mọ̀ ọ́n tò. Audi 100 àti Passat tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ náà níyì. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ó ń tò wọ́n, òṣìṣẹ́ ni ó sì ń rà nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé pẹ̀lú ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Náírà wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì gòkè kúrò níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó o. Ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò ni ó wá ń wọlé, àwa Yorùbá sì fún un ní orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé bọ̀ wálé: Tòkunbọ̀. Láti ìgbà náà, ọjà tòkunbọ̀ ni ọjà wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí epo bẹntiróòlù kò wọ́n, ẹni tí ó ra mọ́tò tí ń mu epo kò tètè mọ̀ pé òun ṣìṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tí kò tó 200 náírà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti kọjá 480 náírà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà nílùú Èkó. Ọjọ́ náà ni ìṣirò mọ́tò rírà yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò kan. Ká ní ẹnìkan ń rin 60 kílómítà lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, tí ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 1,320 kílómítà. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ń rin kílómítà 8 lórí lítà kan, lítà 165 ni yóò rà lóṣù. Bí ó bá jẹ́ kílómítà 6 ni ó ń rin, lítà 220 ni. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ lítà 55. Nígbà tí lítà wà ní 185 náírà, 10,175 náírà ni ìyàtọ̀ náà. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ó di 55,000 náírà. Ẹ sì rántí pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin 2024 fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Mọ́tò méjì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́jà, kí iye tí wọ́n ń tà wọ́n dọ́gba, kí ọ̀kan sì máa fi ohun tí kò jìnnà sí owó oṣù odindi òṣìṣẹ́ ná wa ju èkejì lọ, lóṣooṣù.

ÌTURA KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

A kò wá síbí láti sọ pé kí òṣìṣẹ́ má gun ọkọ̀ tí ó tura. Ẹni tí ó dúró wákàtí mẹ́jọ ní ìdí ẹ̀rọ, tàbí tí ó wa bọ́ọ̀sì láti kùtùkùtù, ó yẹ kí ó rí ibi fi ẹ̀yìn tì. Títì Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ̀yìn ènìyàn lè fojú kéré. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí kòtò wà, ẹ sì mọ ibi tí gósílò ti ń di wákàtí méjì. Mọ́tò kékeré tí orúnkún ń gbá dáṣíbọ́ọ̀dù lè mú kí á dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìrora ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí owó ọbẹ̀ náà pa ẹni tí ó sè é.

Ohun tí ìtura jẹ́ fún wa kò ju mẹ́rin lọ: àga tí ó gba ènìyàn márùn-ún láìfún ara wọn, ṣọ́ọ̀kì tí ó ṣì lágbára, ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́, àti ara mọ́tò tí kò rẹlẹ̀ jù fún kòtò wa. Awọ àga, iná tí ń tàn yẹ́ríyẹ́rí àti orúkọ ńlá kì í ṣe ìtura, ọ̀ṣọ́ ni.

Lára ọkọ̀ ńlá tí a lè rí àwọn ohun mẹ́rin yìí nínú wọn, tí mẹkáníìkì wa mọ̀, tí ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà káàkiri, Toyota Camry àti Honda Accord ni ó pọ̀ jù. Àwọn ará ọjà mọ́tò ti fún wọn lórúkọ: Camry ti 2002 sí 2006 ni Big Daddy, ti 2007 sí 2011 ni Muscle. Accord tí ó jáde ní 2003 ni End of Discussion, èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 2008 ni Evil Spirit. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ó sì ní onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí wọ́n ń kọ V6 sí lára.

Fún Muscle ti 2007 tí ó wà ní tuntun, ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fi hàn pé onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ń rin nǹkan bí kílómítà 9 lórí lítà kan láàrin ìlú, àti bí 13 ní ojú ọ̀nà tí ó já geere. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́fà ń rin bí 8 láàrin ìlú àti bí 12 ní ojú ọ̀nà. Ẹ kíyè sí i: ìyàtọ̀ náà wà, ó sì tó kí á tìtorí rẹ̀ mú onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ó lè lé arákùnrin wa padà sínú dánfó. Kí wá ni ó ń jẹ́ kí mọ́tò kan máa mu epo bí iyanrìn etí òkun ṣe ń mu omi?

A WỌN MỌ́TÒ MẸ́TA

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, àwa ìgbìmọ̀ pinnu pé a kò ní fẹnu sọ ọ́ lásán. A mú mọ́tò mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́. A rọ epo kún táǹkì ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ọwọ́ páǹpù fi já fúnra rẹ̀, a kọ nọ́ńbà gẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, a jẹ́ kí àwọn tí ó ni wọ́n wà wọ́n lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, a tún padà sí páǹpù kan náà, a sì rọ ọ́ kún bákan náà. Iye kílómítà tí wọ́n rìn, a pín in sí iye lítà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

V6 ti arákùnrin wa kò rìn tó kílómítà 6. Èkejì, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tí awakọ̀ wa kan ń tọ́jú bí ọmọ, rin 8 ó lé díẹ̀. Títí dé ibí kò sí ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta, tí orúkọ rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti èkejì mu, òun náà rin 6 péré! A rò pé a ṣi ìṣirò ṣe, a tún un wọ̀n, 6 náà ni.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó bá búréèkì ẹ̀yìn kan tí kò tú sílẹ̀ dáadáa, tí mọ́tò ń fi ipá wọ́ rìn. Ó bá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí afẹ́fẹ́ wọn kò pé. Ó bá asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí iyanrìn ti dí. Ó sì bá sẹ́ńsọ̀ kan nínú ọ̀nà èéfín tí ó ti kú, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bóyá epo tí ń wọlé ti pọ̀ jù. Nígbà tí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mọ́tò náà rin kílómítà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Ti arákùnrin wa náà ní irú àrùn wọ̀nyẹn lára. Nígbà tí a tọ́jú rẹ̀, ó gòkè dé 7.

Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e lọ sílé: orúkọ mọ́tò ṣe pàtàkì, iye púlọ́ọ̀gì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìlera mọ́tò tí ó wà níwájú yín ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹni tí ó bá ra orúkọ láìwọn ara rẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó lójú ijó.

OHUN TÍ ẸNI TÍ YÓÒ RÀ GBỌ́DỌ̀ YẸ̀ WÒ

Ní àkọ́kọ́, ẹ wọn epo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sọ fún ẹni tí ń tà á pé ẹ̀yin ni yóò ra epo. Ẹ kún táǹkì, kí ẹ jọ wà á lọ ní ogún kílómítà, kí ẹ sì padà sí páǹpù kan náà. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò pé tó ti ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n yóò fi èyí tí àrùn rẹ̀ pọ̀ hàn. Bí ẹni tí ń tà á bá kọ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ.

Èkejì ni nọ́ńbà mọ́tò, tí ó jẹ́ àmì 17, tí ẹ óò rí lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ìhà awakọ̀. Bí àmì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. Bí ó bá jẹ́ 2, Kánádà ni. J ni Japan. Lára mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọdún 2010 ni, tí ẹ sì rí 7 níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dúnàádúrà.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.4, ní àbùkù kan tí Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní Amẹ́ríkà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ọ́ìlì, ilé iṣẹ́ náà sì ṣètò láti bá àwọn tí ó ni wọ́n tún un ṣe nígbà náà. Ti 2010 àti 2011 ti gba ẹ́ńjìnnì mìíràn, 2.5, tí ó sì tún ń fi epo pamọ́ díẹ̀ sí i. Bí owó yín bá ká èyí, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá ká a, kí ẹ wo èéfín nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ iná sí i láàárọ̀ tí ó ṣì tutù. Bí èéfín náà bá ní àwọ̀ aró díẹ̀, ọ́ìlì ni ó ń jó.

Ẹ̀kẹrin ni gíà. Ní 2004, Honda pe ọ̀pọ̀ mọ́tò padà ní Amẹ́ríkà nítorí gíà tí ń gbóná jù, Accord V6 ti 2003 àti 2004 sì wà lára wọn. Ẹ wà á nínú gósílò, kí ẹ tún wà á ní eré. Bí ó bá ń ta gìrì nígbà tí gíà ń yí, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí mọ́tò kò sì sáré, ẹ fi sílẹ̀. Owó gíà kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ̀karùn-ún ni omi àti ìpẹtà. Ìjì Katrina bo New Orleans ní 2005, Sandy bo etí òkun New York àti New Jersey ní 2012, Harvey sì bo Houston ní 2017. Mọ́tò tí omi bò kì í kú sọ́hùn-ún gbogbo. Wọ́n a máa tà wọ́n ní gbàǹjo, àwọn kan nínú wọn a sì gba orí òkun wá. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Ẹ wo bóòtù ìdí àga bóyá wọ́n ti dípẹtà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹ sì wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ní apá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì, iyọ̀ yẹn a sì máa jẹ irin. Afẹ́fẹ́ òkun tiwa níhìn-ín náà ní iyọ̀. Mọ́tò tí iyọ̀ ti jẹ lọ́hùn-ún, tiwa yóò parí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ dákun ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ẹ̀mí ni. Airbag ni àpò afẹ́fẹ́ inú sítíàrìn tí ń bú jáde láti gba àyà awakọ̀ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ilé iṣẹ́ Takata ní Japan ṣe irú kan tí kẹ́míkà inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí ooru àti ọ̀rinrin bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ó bá bú, irin wẹ́wẹ́ a máa fò jáde lu ènìyàn, àwọn ènìyàn sì ti kú nípa rẹ̀. Wọ́n pe àìmọye mọ́tò padà káàkiri ayé nítorí rẹ̀, Honda Accord ti 2003 sì wà lára wọn. Ooru àti ọ̀rinrin, ẹ̀yin ará etí òkun, ṣé ẹ rí i pé ilé wa ni wọ́n ń sọ? Ẹ fún ọmọ yín tí ó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lo ní àmì 17 mọ́tò náà, kí ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, yóò sì fi hàn bóyá a ti tún ti mọ́tò yẹn ṣe tàbí a kò tíì tún un ṣe. Bí a kò bá tíì tún un ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ náà níhìn-ín kí ẹ tó sanwó.

Èkeje ni táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ara táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn. 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà lè dúdú kí ó máa dán, kí ó sì ti darúgbó.

Ẹ̀kẹjọ ni ìwé. Àwa tí ń gbé ní ẹ̀bá Sẹ̀mẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ará Ìbàdàn lọ. Ẹnìkan yóò wá sọ fún yín pé mọ́tò wà ní Kútọnu tí owó rẹ̀ kéré, pé òun mọ ọ̀nà. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ni òfin fọwọ́ sí. Mọ́tò fàyàwọ́ tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà ti lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò bá a lọ. Àmì 17 ara mọ́tò gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà nínú ìwé owó Kọ́sítọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má rà á.

ỌKỌ̀ KAN, ÈNÌYÀN MẸ́RIN

Ohun kan ṣì kù. A sọ pé lítà 165 ni mọ́tò tí ó ń rin kílómítà 8 yóò mu lóṣù. Ní 1,000 náírà fún lítà kan, 165,000 náírà ni. Èwo nínú wa ni ó lè dá a gbé? Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́rin tí ń lọ sí ọ̀nà kan náà, ní àkókò iṣẹ́ kan náà, bá pín in, 41,250 náírà ni yóò kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ọkọ̀ ńlá ti wúlò jù, nítorí pé ó gba àgbàlagbà mẹ́rin pẹ̀lú ìtura. Ọkọ̀ ńlá tí ẹnìkan ṣoṣo ń gbé kiri, afẹ́ ni. Tí ènìyàn mẹ́rin bá wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Erékùṣù Èkó, ẹ tún wò ó. Ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 dé Marina bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023. Bí mọ́tò yín bá gbé yín dé Mile 2, tí ẹ sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ti gé apá kan kúrò nínú kílómítà yín, ẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ gósílò orí afárá.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ÌPÀDÉ YÌÍ FỌWỌ́ SÍ

Ẹ̀yin ará, a ti dá owó ìyá yẹn padà fún un láti inú èrè ẹgbẹ́, nítorí pé àwa ni a kò béèrè ohun tí ó yẹ kí á béèrè. Arákùnrin wa sì ti ta V6 náà fún ẹni tí kì í rìn jìnnà, ó ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rere ni ó fi rà á. Àwa ni a jẹ́ kí ó dá nìkan rà á.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a gbé wá. Èkínní, kí ìwé ẹ̀yáwó mọ́tò má ṣe kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ bí a kò bá kọ iye kílómítà tí mọ́tò náà ń rin lórí lítà kan sí i, bí a ṣe wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìṣirò epo oṣù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù ẹni tí ń yá owó. Èkejì, kí àwọn onídùúró rí ìṣirò náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, nítorí pé àpò tiwọn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka yan awakọ̀ méjì àti mẹkáníìkì kan láàrin àwa ọmọ ẹgbẹ́, tí yóò máa bá ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ ra mọ́tò lọ sí ọjà. Owó ọkọ̀ wọn ni a óò san, wọn kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. A máa ń sọ gbólóhùn yìí nígbà tí a bá fẹ́ lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á máa sọ ọ́ pẹ̀lú nígbà tí a bá ń lọ sí ọjà mọ́tò. Ẹni tí ń ta mọ́tò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo tọ òun wá, pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ìfẹ́ mọ́tò lọ́kàn. Kí ó máa rí àwa mẹ́rin, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bírò àti ìwé ìṣirò.

Ìyá yẹn wà lórí ìjókòó lónìí. A rí yín, ìyá wa. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè.

Kí ẹsẹ̀ gbogbo wa máa délé láyọ̀.